Ojú Méjèèjì Lékeléke

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹjọ oṣù kọkànlá ọdún 1977, mo jókòó sínú ẹrẹ̀ létí ọ̀sà lẹ́yìn Ìwòrò fún wákàtí méjì àti ogún ìṣẹ́jú, mò ń dúró kí lékeléke kan kọjú sí mi.

Ọ̀gbẹ́ni Adédìran, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀rọ ìfami ní Èkó, ló rán mi. Owó epo ti dé nígbà náà, gbogbo ilé-iṣẹ́ ló sì fẹ́ kàlẹ́ńdà aláwọ̀. Ó fún mi ní fíìmù kan ṣoṣo, tí kò gbà ju àwòrán méjìlá lọ.

"Ya lékeléke kan fún mi nínú oòrùn ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá dára, ìwọ ni wàá ya oṣù méjèèjìlá."

Ó ti di ọdún mẹ́jọ àti oṣù mẹ́rin tí mo ti ń ya fọ́tò ìwé ìrìnnà fún àwọn tó ń kọjá sí Kútọnu. Mo fẹ́ kúrò nídìí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n Alàájì Mùkáílà tó kọ́ mi níṣẹ́ ní Àgbádárìgì ní òfin kan: ojú méjì, etí méjì. Ní 1970, mo ya ìyá kan tó ń jẹ́ Fàúsátù, gèlè sì bo etí ọ̀tún rẹ̀. Wọ́n dá a padà lẹ́nubodè. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà wá sí ṣọ́ọ̀bù wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi ṣú, ó ń fi etí náà han gbogbo ẹni tó ń kọjá. Láti ọjọ́ náà, n kò ya ìdajì ojú mọ́.

Dosu, apẹja ará Ìwòrò, ló fi ọkọ̀ gbé mi débẹ̀. Ègùn ni, ó sì jù mí lọ lọ́jọ́ orí.

Nígbà tí oòrùn rọ̀, lékeléke kan bà sínú omi. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kọ sí wa, ọrùn rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Ìmọ́lẹ̀ wọ inú ìyẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé iná ń jó níbẹ̀.

"Fọ́tò, yà á," Dosu sọ jẹ́jẹ́.

"Ojú kan ni mò ń rí, ẹ̀gbọ́n."

"Ṣé Kútọnu ló ń lọ ni?"

Mo ní kí ẹyẹ náà gbé àgbọ̀n sókè díẹ̀, kí ó wo ibí. Ẹnu mi ti mọ́ ọn.

Dosu rẹ́rìn-ín títí ọkọ̀ fi mì. "Bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀ náà."

"Ẹ bá mi fi ẹja pè é, ẹ jọ̀ọ́."

Ó bọ́ sínú omi, ó wá dúró lẹ́yìn mi, ó ń gbọn ẹja kékeré kan lókè orí mi. Omi ẹja ń kán sí mi lọ́rùn. Níkẹyìn, lékeléke náà yíjú, ó na ọrùn gbọọrọ, ó fi ojú méjèèjì wò wá. Mo yà á lẹ́ẹ̀mejìlá. Bí fíìmù ṣe tán ni ó gba ẹ̀gbẹ́ wa fò lọ, ó na ìyẹ́ méjèèjì nínú oòrùn pupa.

"Kò sí ẹni tó máa dá èyí padà," Dosu wí.

Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́sàn-án, Ọ̀gbẹ́ni Adédìran tẹ́ àwọn àwòrán náà sórí tábìlì.

"Nùrúdíìnì, òpó wo nìyí?"

"Lékeléke ni, sà."

"Ìyẹ́ rẹ̀ ń kọ́?"

"Ó wà lẹ́yìn, sà."

Ó yí àwòrán náà padà, ó wo ẹ̀yìn bébà.

"N kò rí i."

"Ṣùgbọ́n ojú méjèèjì hàn kedere, sà."

Ó kó wọn sínú àpòòwé, ó dá wọn padà fún mi. Ayàwòrán kan ní Ọ̀tọ̀ ló gbé iṣẹ́ náà fún. Lékeléke tirẹ̀ fi ẹ̀gbẹ́ dúró ní oṣù kìíní, ó sì rẹwà. Iṣẹ́ oṣù méjìlá bọ́ lọ́wọ́ mi, n kò sì rí irú rẹ̀ mọ́.