Kyai Mendhung Nínú Oko Ìrẹsì

Bàbá Wuri, ọmọbìnrin tí mò ń fẹ́, kò ka iṣẹ́ mi sí iṣẹ́, nítorí kò fojú rí i. Ó ń rí káfíńtà tó ń fá pákó, ó ń rí àwọn tó ń fi ìda ya àrà sára aṣọ. Ní tèmi, gbogbo ohun tó mọ̀ ni pé mo máa ń jókòó síwájú kọ̀ǹpútà láti àárọ̀, tí n óò sì jáde ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú ojú pupa.

Wuri á ní, "Ẹyẹ ló ń ṣe, Bàbá."

"Ẹyẹ kẹ̀? Ṣé ó ń sàba lórí ẹyin ni?"

Nígbà tó yá, bàbá yìí, Pak Tarmuji, ní kí n gbé iṣẹ́ náà wá lọ́jọ́ Àìkú kí òun fojú ara òun rí i. Wuri kò fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún mi: bí kò bá tẹ́ bàbá òun lọ́rùn, kí n má wulẹ̀ kó àwọn òbí mi wá tọrọ òun.

Àwòrán oko ìrẹsì ní ìdájí ni mò ń ṣe lórí kọ̀ǹpútà nígbà náà, fún àwọn kan tí wọ́n fẹ́ fi sínú fíìmù. Iṣẹ́ tèmi ni àwọn ẹyẹ inú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ mi. Mo ń ṣe é, mo ń bà á jẹ́, títí ó fi yé mi. Mo máa ń kọ́kọ́ mọ ara ẹyẹ lórí ẹ̀rọ bí ẹni ń mọ amọ̀: àyà, orí, itan. Lẹ́yìn náà ni ìyẹ́. Bí mo bá ní kí n ya ìyẹ́ ní fọ́nrán-fọ́nrán, ẹ̀rọ kò ní lè gbé e. Nítorí náà, mo máa ń lẹ àwòrán ìyẹ́ mọ́ abala pẹlẹbẹ kan bíi ewé, n óò wá to àwọn abala wọ̀nyí láti ìrù lọ sí orí, ọ̀kan gun ẹ̀yìn èkejì, bí ẹni ń fi koríko bo òrùlé. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí á tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Dídán ló kàn. Ojú gbọ́dọ̀ máa dán bí ohun tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ta omi sí, ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ gbẹ, kí ìyẹ́ wà láàrin méjèèjì. Ọjọ́ tí àwọn mẹ́ta yìí bá ṣe déédéé, ẹyẹ á kàn yíjú wò ọ́ ni.

Lọ́jọ́ Àìkú náà, mo gbé kọ̀ǹpútà ka orí tábìlì Pak Tarmuji, lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín. Kùrukùru bo ìrẹsì, òkè Merapi wà lẹ́yìn, àdàbà perkutut kan sì dúró lórí ebè. Pak Tarmuji wò ó títí. Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló ti ẹyẹ yìí mọ́lé rí?"

"Kò sẹ́ni tó tì í mọ́lé, Bàbá. Inú oko ló wà."

"Irọ́ ni! Wo etí ìrù ẹ̀ bó ṣe gbó. Igi àgò ló ń ha á tó bá ń yí padà. Wo èékánná. Ẹyẹ tó ń rìn nínú ẹrẹ̀ látàárọ̀, ṣé èékánná ẹ̀ á gùn tó yìí? Wo bó ṣe dúró! Orí ilẹ̀ ló wà, ó wá ká ọmọ ìka kò bí ẹni di ọ̀pá mú. Ẹlẹ́wọ̀n lo kó wá sóko, ọmọ yìí!"

Wuri fi ọwọ́ bo ẹnu, ó yíjú sí mi. "Mas Prasojo, o ò tiẹ̀ bọ́ aṣọ ẹ̀wọ̀n lọ́rùn ẹ̀."

Etí mi gbóná. Òótọ́ ni bàbá sọ. Ní àdúgbò wa, bí èèyàn bá ti ní "ẹyẹ", gbogbo wa á gbójú sókè wo àgò tó wà lórí ọ̀pá. Inú àgò ni mo ti mọ ẹyẹ láti kékeré. Kò wá sí mi lọ́kàn láti lọ wò wọ́n lóko. Mo na ọwọ́ kí n pa ẹ̀rọ dé, ṣùgbọ́n Pak Tarmuji di ọrùn ọwọ́ mi mú.

"Dúró ná. Fà á sún mọ́ mi."

Mo fà á títí ẹsẹ̀ ẹyẹ náà fi tóbi bí ọwọ́ mi. Ó fi ìka kan dígí, níbi tí ọmọ ìka àárín ẹsẹ̀ òsì ti tẹ̀ díẹ̀. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀.

"Kyai Mendhung, ẹyẹ inú àgò mi, nìyí."

"Òun ni, Bàbá. Mo máa ń fi fóònù yà á bí mo bá wá kí Wuri."

"Èmi rò pé Wuri lò ń yà. Mo tiẹ̀ ń bínú."

"Àwòrán mi ò sí ńbẹ̀ rárá?" ni Wuri bi mí.

Mo tẹjú mọ́ ẹ̀rọ.

"Eku ló bù ú jẹ níbẹ̀ nígbà tó kéré," ni Pak Tarmuji wí. "Mi ò sọ fẹ́nì kankan. Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Mi ò mọ̀ pé eku ni. Mo kàn rí i pé ó tẹ̀, mo sì ṣe é bó ṣe rí."

Ó ní, "Jẹ́ kó fò."

"Kò tíì lè fò, Bàbá. Mi ò rí abẹ́ apá ẹ̀ rí."

"Fi àwọ̀ tó bá wù ọ́ sí i. Ta ló máa mọ̀?"

"Ẹ̀yin á mọ̀. Ẹ̀rín tí ẹ rín lẹ́ẹ̀kan yẹn ti tó mi."

Pak Tarmuji dìde, ó bọ́ síta. Mo yíjú sí Wuri.

"Ṣé ó ti parí nìyẹn?"

"Dákẹ́ jẹ́ kí n gbọ́."

A gbọ́ okùn tó ń dún lára ọ̀pá. Ó ń sọ àgò kalẹ̀. Ó wọlé pẹ̀lú Kyai Mendhung lọ́wọ́, ọrùn ẹyẹ náà wà láàrin ìka méjì. Ó fi àtàǹpàkò ṣí apá rẹ̀ bí ẹni ṣí abẹ̀bẹ̀. Abẹ́ rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, bíi bíríkì tí òjò ti pa.

"Áà! Àwọ̀ eérú ni ǹ bá kùn síbẹ̀."

"Ṣé o rí i? Gbà á. Má fún un, má sì jẹ́ kó bọ́."

Mo gbà á. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ, ọkàn rẹ̀ sì ń lù kìkìkì lábẹ́ ìka mi. Nítorí pé ọwọ́ mi kò dilẹ̀ mọ́, Pak Tarmuji fúnra rẹ̀ ló gbé fóònù mi, tó ń ya abẹ́ apá náà, tó sì ń ya àtàǹpàkò ara rẹ̀ mọ́ ọn.

"Bàbá!" ni Wuri pariwo. "Èmi tí ẹ bí, ẹ ò gbé e fún mi rí!"

"Ìwọ máa ń di nǹkan mú jù." Ó kọjú sí mi. "Tún ìrù yẹn ṣe. Gé èékánná. Tẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀ pẹrẹsẹ."

"Ìka tó tẹ̀ ńkọ́, Bàbá? Mo lè nà án."

"O ò gbọdọ̀ nà án!" Ó gba ẹyẹ rẹ̀ lọ́wọ́ mi, ó fi ìka kan tẹ́ ìyẹ́ orí rẹ̀ sílẹ̀. "Sọ fún bàbá ẹ kí wọ́n máa bọ̀. Ọjọ́ ọjà Pon ni kí wọ́n wá o. Lọ́jọ́ Wage tó tẹ̀ lé e, mò ń wẹ ẹyẹ."

"Ẹ ò rí i?" ni Wuri wí. "Ẹyẹ lẹ kọ́kọ́ gbé lé e lọ́wọ́ kí ẹ tó rántí èmi."

"Ẹyẹ ló lè bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìwọ, ta ló lè lé ọ lọ?"