Ibi tí Iṣan Dúró Sí

Bíréèkì mọ́tò tó kó kòkó já lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè Ẹ̀fọ̀n, Ọlátúnjí ló sì ń wà á. Kò kú, ṣùgbọ́n egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, láti ìbàdí dé ìsàlẹ̀ kò sì mọ nǹkan kan lára mọ́. Wọ́n gbé e dé Àkúrẹ́, wọ́n tọ́jú rẹ̀ títí, nígbà tó yá wọ́n ní kí wọ́n máa gbé e lọ sílé ní Ìjerò.

Dorcas, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ń ṣiṣẹ́ ìwádìí ní yunifásítì kan ní Ìbàdàn. Inú ẹyin adìẹ ló ti ń wo bí iṣan tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti ọpọlọ lọ sí apá àti ẹsẹ̀ ṣe ń hù. Iṣẹ́ náà ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ kí mọ́tò tó dànù. Ṣùgbọ́n lójú Lydia, ìyá wọn, Ọlọ́run ló rí ohun tó ń bọ̀ tó fi iṣẹ́ náà lé Dorcas lọ́wọ́. Bó ṣe ń sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn. Kò ta ẹyin adìẹ rẹ̀ mọ́, kò sì jẹ ẹ́. Bí Dorcas bá wálé, á fi òwú wé wọn sínú apẹ̀rẹ̀.

“Gbé e lọ. Fi ṣiṣẹ́ ẹsẹ̀ àbúrò rẹ. Á rìn nínú ulé yìí.”

Ẹyin tí Dorcas kò mọ ọjọ́ tí wọ́n yé e kò wúlò fún iṣẹ́ rẹ̀. Kò lè sọ ọ́ fún ìyá rẹ̀. Kò sì lè jẹ ẹ́. Wọ́n bà jẹ́ sí igun ilé ìdáná rẹ̀ ní Ìbàdàn, ó fi ọwọ́ kan bo imú dà wọ́n nù, ó sì ń sunkún.

Lásìkò ọyẹ́, ó gé iṣan inú ẹ̀yìn ọmọ adìẹ tó ṣì wà nínú ẹyin. Iṣan náà hù kọjá ojú ọgbẹ́. Nígbà tí ọmọ adìẹ náà jáde, ó rìn. Dorcas pariwo nìkan nínú yàrá ìwádìí. Ó wá dán an wò lára èyí tó ti dàgbà. Iṣan hù dé etí ọgbẹ́, ó dúró. Ó tún un ṣe, ó tún un ṣe. Ibẹ̀ náà ló ń dúró sí.

Ó wálé fún Àjíǹde. Egbò ìdùbúlẹ̀ ti jẹ ìdí Ọlátúnjí wọlé dé egungun. Ìyá wọn wà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

“Àǹtí, ẹ má tàn mí. Ṣé iṣan tèmi á hù?”

“Ti ọwọ́ máa ń hù, Túnjí. Ti ẹsẹ̀ náà. Èyí tó wà nínú egungun ẹ̀yìn kì í hù kọjá ojú ọgbẹ́.”

“Kí ló ń dá a dúró?”

“Mi ò mọ̀. Òun ni mò ń wá.”

Mọ́tò kan kọjá lọ sọ́nà Ìkòrò, Ọlátúnjí fetí sí i títí ariwo rẹ̀ fi lọ tán.

“Ẹ má sọ fún Màámi,” ó ní. “Ìrètí yẹn ni wọ́n ń jí fún láràárọ̀.”

Ó ní kí ó bá òun yí ìrọ̀rí òun padà. Dorcas yí i, kò sì tètè mú ọwọ́ kúrò lórí rẹ̀.

Egbò náà ló pa á, bí òjò ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí wọ́n sin ín, Lydia kò sunkún. Ó jókòó, ó ń wo Dorcas.

“Iṣẹ́ ẹ yẹn,” ó ní. “Ó kù díẹ̀ kó parí, àbí?”

“Ó kù díẹ̀, Màámi.”

Ìgbà yẹn ni ẹkún tó bọ́ lẹ́nu obìnrin náà, tí ọmọ rẹ̀ fi gbá a mọ́ra títí ilẹ̀ fi ṣú. Kò béèrè iṣẹ́ náà mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Nígbà tí wọ́n yọ Èkìtì kúrò lára Ìpínlẹ̀ Oǹdó, irun Dorcas ti ń funfun, ó sì ṣì ń wá ohun tó ń dá iṣan dúró.