Máàkì Ẹlẹ́rìn-ín

Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ilé-ẹ̀kọ́ tí a jẹ́, kó má wulẹ̀ wo géètì wa tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn. Kó wọ yàrá àwa olùkọ́, kó wo ògiri tó wà lókè kọ̀ǹpútà. Bébà kan ni wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ mọ́ ibẹ̀, páásíwọ̀ọ̀dù ìwé máàkì orí kọ̀ǹpútà ni wọ́n sì kọ sí i gàdàgbà. Ẹyọ kan ṣoṣo ni gbogbo wa ń lò. Ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ló ní kó rí bẹ́ẹ̀, torí ó ní àwa olùkọ́ máa ń gbàgbé. Etí bébà náà ti dúdú, ó ń dán, nítorí àwọn tó ń jẹ búrẹ́dì olóròóró tí wọ́n tún ń fi ìka tọ ọ̀rọ̀ lórí rẹ̀. Mo kórìíra bébà yẹn. Bí mo bá fẹ́ wò ó, ọ̀ọ́kán ni mo máa ń dúró sí.

Ìwé máàkì náà fúnra rẹ̀ dára, mi ò ní í parọ́ mọ́ ọn. Bí o bá ti tẹ máàkì ọmọ kan sínú àpótí rẹ̀, fóònù òbí ọmọ náà á dún níbi yòówù kó wà. Kò tún sí pé ọmọ ń ti ìwé ìdánwò bọ abẹ́ ibùsùn. Àmọ́ àpótí tí máàkì inú rẹ̀ kò bá tó àádọ́ta á pọ́n, bí ojú ẹni tó sunkún mọ́jú. Ọ̀gá wa ò sì fẹ́ rí pupa. "Pupa ń lé òbí lọ," ohun tó máa ń wí ní gbogbo ìpàdé nìyẹn. Kò béèrè rí bóyá àwọn ọmọ mọ ìwé. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá, ṣùgbọ́n làpálàpá ni wọ́n gbà wá síṣẹ́ láti máa pa.

Àwa méjì là ń kọ́ ìṣirò. Èmi ni mo ni àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀. Ẹnìkejì mi, tí tọmọdé-tàgbà ń pè ní Jẹ́jẹ́, ló ni àwọn ti òkè. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, jẹ́jẹ́ ló ń sọ̀rọ̀, jẹ́jẹ́ náà ló sì ń ba ayé àwọn ọmọ jẹ́. Kì í máàkì. Bí àwọn ọmọ bá ti ṣe ìdánwò tán, á fi okùn di bébà wọn, á jù ú sínú kọ́bọ́ọ̀dù. Á wá jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, á wo máàkì oṣù tó kọjá, á sì fi méjì kún un fún oníkálukú. Ọmọ tó bá ní ọgọ́ta tẹ́lẹ̀ ti di méjìlélọ́gọ́ta nìyẹn. Lẹ́yìn náà á yan ọ̀kan lára àwọn gbólóhùn tí ẹ̀rọ náà ti tò sílẹ̀ fún wa: "Ó ń tẹ̀síwájú." Àwọn òbí á máa dúpẹ́. Ọ̀gá á máa yìn ín níwájú wa pé kò sí pupa kankan nínú kíláàsì rẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni tèmi máa ń pọ́n bí ata tí wọ́n sá sójú oòrùn. Mo bá a sọ ọ́ nígbà kan. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó ní, "Àǹtí mi, ta ni méjì pa lára rí?"

Ọmọkùnrin kan wà nínú kíláàsì rẹ̀ tí a ń pè ní Ẹlẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́ ọ kó tó gòkè. Ọmọ náà kò mọ ìṣirò, kò sì fi pa mọ́. Bó bá ṣì í, òun fúnra rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. Ibà mú un lẹ́yìn tí sáà yìí bẹ̀rẹ̀, kò sì dìde ńbẹ̀ mọ́. Gbogbo wa la lọ kí ìyá rẹ̀. Jẹ́jẹ́ náà lọ, ó tiẹ̀ sunkún, ojú mi ló ṣe. Nígbà tí a dé, mo sọ fún Ọ̀gá pé kó yọ orúkọ ọmọ náà kúrò nínú ìwé máàkì, torí páásíwọ̀ọ̀dù tirẹ̀, tó yàtọ̀ sí tàwa olùkọ́, nìkan ló lè yọ orúkọ. Ó ní òun á ṣe é. Ọ̀dà tí wọ́n máa fi kun géètì ló gbà á lọ́kàn nígbà yẹn.

Oṣù yípo. Jẹ́jẹ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó fi méjì kún un fún oníkálukú. Kò ka orúkọ. Kí ló fẹ́ ka orúkọ fún? Mẹ́rìndínláàádọ́rin Ẹlẹ́rìn-ín di méjìdínláàádọ́rin. "Ó ń tẹ̀síwájú." Ó tẹ bọ́tìnì, fóònù sì dún lórí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá ọmọ náà.

Nígbà tí mo rí obìnrin náà lẹ́nu ọ̀nà yàrá wa láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ìjà ni mo rò pé ó bá wá, mo sì ti pinnu pé èmi kọ́ ló máa là á. Ṣùgbọ́n ńṣe ló kí wa, tó rọra jókòó. Télọ̀ ni. Fọ́nrán òwú funfun ṣì lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ aṣọ rẹ̀, téèpù tó fi ń wọn èèyàn sì wà lọ́rùn rẹ̀, bí ẹni tó gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

"Tíṣà, mo rí máàkì ọmọ mi lánàá," ó ní.

Mo fa àga mi sún mọ́ ọn.

"Mi ò bá ìjà wá o. Mo ní bí máàkì bá wà, bébà á wà. Bóyá ó ti ṣe ìdánwò yẹn kó tó dùbúlẹ̀, tó jẹ́ pé ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máàkì ẹ̀ ni." Ó fọwọ́ kan téèpù ọrùn rẹ̀. "Bàbá ẹ̀ ti kó gbogbo ẹrù ẹ̀ kúrò nílé, tìwé tìwé. Ó ní kí ojú mi má baà máa rí wọn. Kò sí nǹkan kan tó fọwọ́ ara ẹ̀ kọ lọ́dọ̀ mi mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, bébà yẹn ni mo wá gbà."

Jẹ́jẹ́ wà nídìí tábìlì rẹ̀. Etí rẹ̀ ò di.

"Ọmọ yẹn sọ fún mi nígbà kan," obìnrin náà tún ní. "Ó ní, 'Màámi, ìṣirò yìí ò yé mi o, ẹ bá mi wá ẹni tó máa kọ́ mi nílé.' Mo ṣí fóònù hàn án. Mo ní kí lò ń sọ, ìwọ tí o gba ọgọ́ta-lé, iṣẹ́ ilé lo fẹ́ sá fún. Ó kàn rẹ́rìn-ín ni."

Jẹ́jẹ́ gbé ife tíì rẹ̀, ó dìde, ó jáde. Mo mọ ibi tó ń lọ. Mo bẹ obìnrin náà pé kó dúró dè mí, mo sì tẹ̀ lé e.

Ọ́fíìsì Ọ̀gá máa ń rùn fún lọ́fínńdà tí wọ́n ń fín sáfẹ́fẹ́. Àwọn méjèèjì ti ń sọ ọ́ kí n tó wọlé.

"Ẹ ṣé tí ẹ wá," Ọ̀gá ní. "Ọ̀rọ̀ yìí ò le. Kí obìnrin yẹn ṣáà rí bébà kan gbé lọ sílé ni."

"Bébà wo, sà? Ọmọ yẹn ò sí láyé nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò oṣù yìí."

"Ẹ wá ọmọ kan nínú kíláàsì yẹn tí ọwọ́ ẹ̀ jọ tiẹ̀. Kó kọ ọ́, kí Jẹ́jẹ́ máàkì ẹ̀ sí iye tó wà lórí fóònù. Ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, ṣé ó máa mọ̀ ni?"

"Ọmọ kan wà tí ọwọ́ ẹ̀ máa ń tẹ̀ bíi tiẹ̀," Jẹ́jẹ́ ní. "Mo lè pè é báyìí."

Mo wo ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí kò tú bébà ẹnikẹ́ni wò rí, òun ló wá mọ ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀. Mo rí búrẹ́dì tó jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu rẹ̀, mo rí ìka rẹ̀ tó ń yí ife kiri, mo sì rántí omijé tó dà sílẹ̀ nílé àwọn èèyàn yẹn.

"Kí la fẹ́ sọ fún ọmọ tí ẹ fẹ́ pè?" mo bi wọ́n. "Pé kó jókòó, kó máa kọ ìwé òkú?"

"Tíṣà, ẹ rọra," Ọ̀gá ní. "Pupa tó kún inú kíláàsì tiyín, a ò tíì jókòó lé e lórí. Ẹ má jẹ́ ká jókòó lé e."

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, mo sì gbọ́ ọ yé. Iṣẹ́ mi ló ń fi hàn mí yẹn. Bí mo bá panu mọ́, obìnrin tó wà ní yàrá kejì á gbé bébà ọlọ́mọ-ọlọ́mọ lọ sílé, á máa tẹ́ ẹ sábẹ́ ìrọ̀rí, á máa fọwọ́ pa á, títí tí òun náà á fi kú. Mo na ọwọ́ sí Jẹ́jẹ́.

"Kọ́kọ́rọ́ kọ́bọ́ọ̀dù yín."

"Ẹ ò gbọdọ̀ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù yẹn lójú òbí," Ọ̀gá ní.

"Bí ẹ ò bá fún mi, òkúta ni màá fi ja á, gbogbo àwọn ọmọ á sì wá wòran."

Jẹ́jẹ́ ti bá mi ṣiṣẹ́ pẹ́. Ó mọ̀ pé mi kì í dá irú àpárá bẹ́ẹ̀. Ó rọra yọ kọ́kọ́rọ́ náà lápò.

Nígbà tí mo padà sí yàrá wa tí mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, òórùn inú rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde wá bá mi. Aáyán sá lọ sẹ́yìn, ìgbẹ́ wọn sì wà níbi gbogbo bí ata tí wọ́n lọ̀ dànù. Èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan ti gbẹ dúdú mọ́ pákó. Àwọn bébà ìdánwò náà rèé, ìdì lórí ìdì, láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, kò sì sí okùn kan tí wọ́n tú nínú wọn. Làálàá àwọn ọmọ nìyẹn, tí wọ́n jókòó síwájú rẹ̀ tí wọ́n ń já ẹnu báírò jẹ, tí wọ́n rò pé ẹnì kan máa kà á. Mo gbọ́ mímí lẹ́yìn mi. Obìnrin náà ti dìde wá dúró tì mí.

"Gbogbo ẹ̀ rèé?" ó bi mí.

"Gbogbo ẹ̀ rèé, mà."

"Ta ló wá máàkì wọn?"

"Kò sẹ́ni tó máàkì wọn. Wọ́n kàn máa ń fi méjì kún èyí tó wà tẹ́lẹ̀ ni. Màmá, ẹ dákun, Ẹlẹ́rìn-ín ò ṣe ìdánwò tẹ́ ẹ rí lórí fóònù yẹn. Irọ́ ni."

Mo ti na ọwọ́ láti gbá a mú, mo rò pé á ṣubú. Kò ṣubú. Ó bọ́ téèpù kúrò lọ́rùn, ó ká a, ó tì í bọ àpò. Ó wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìdọ̀tí yẹn.

"Èyí tó ṣe ńkọ́?" ó ní. "Kó tó dùbúlẹ̀. Ẹ jẹ́ ká wá a."

A tú okùn. A tú òmíràn. Kò jẹ́ kí n ka orúkọ fún un. Ó ní òun á mọ̀ ọ́n. Òun náà ló sì kọ́kọ́ rí i. Ẹyin aáyán kan lẹ̀ mọ́ igun bébà náà, ó fi èékánná ha á dànù bí ẹni tó ń ha èèpá ojú egbò ọmọ rẹ̀, ojú rẹ̀ ò kúrò lára ìwé náà. Mo yí ojú mi sápá kan.

Ó na bébà náà sí mi.

"Ẹ bá mi máàkì ẹ̀."

"Màmá, ẹ kàn máa mú un lọ bẹ́ẹ̀."

"Ó ṣe é kí wọ́n lè máàkì ẹ̀ ni. Ẹ máàkì ẹ̀, kẹ́ ẹ má fi nǹkan kan kún un fún mi."

Mo mú báírò pupa. Ìbéèrè márùn-ún ni, ogún-ogún ni máàkì wọn. Ó gba àkọ́kọ́, ó gba èkejì. Ẹ̀kẹta, ó bẹ̀rẹ̀ dáadáa kó tó ṣìnà, mo fún un ní márùn-ún. Ó kọ nọ́ńbà kẹrin, ó sì fi àyè gbàgẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ lábẹ́ rẹ̀, bí ẹni tó fẹ́ padà wá síbẹ̀. Ìkarùn-ún, kò yé e rárá. Márùndínláàádọ́ta. Mo kọ ọ́ sókè bébà, mo fàlà sí i nídìí.

"Ẹ tún fi síbi tí fóònù ti máa gbé e," ó ní.

Mo jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, mo wo bébà ìríra orí ògiri yẹn, mo tẹ páásíwọ̀ọ̀dù. Mo pa méjìdínláàádọ́rin rẹ́. Mo lọ síbi ìdánwò tí ọmọ náà fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, mo tẹ márùndínláàádọ́ta sí i, àpótí náà sì pọ́n. Ó ku gbólóhùn ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Nínú gbogbo èyí tí wọ́n tò sílẹ̀ fún wa, mi ò rí èyí tó bá a mu, mo bá fọwọ́ ara mi kọ ọ́: "Ó nílò ẹni tó máa kọ́ ọ."

Fóònù obìnrin náà dún lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kà á. Ó tún un kà.

"Òótọ́ ló ń sọ fún mi," ó ní. "Ọmọ mi ò parọ́ fún mi."

Ọ̀gá ti dé ẹnu ọ̀nà. Fóònù tirẹ̀ náà ti dún, nítorí ó ti ṣètò ẹ̀rọ náà kó máa ta á lólobó bí pupa bá ti wọ kíláàsì kan. Jẹ́jẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá ò tiẹ̀ wo ẹni tó jókòó sílẹ̀ láàárín bébà. Ojú fóònù ló ń wò.

"Ta ló ni pupa tó wà nínú kíláàsì yìí?" ó béèrè.

Mo ti fẹ́ dáhùn pé èmi ni mo fi síbẹ̀. Ìyá Ẹlẹ́rìn-ín ti dìde, ó gbọn eruku kúrò lára bébà ọmọ rẹ̀, ó sì gbé e sókè kí Ọ̀gá lè rí i dáadáa.

"Ọmọ mi ló ni ín," ó ní.