Bàtà Mẹ́tàlélógójì

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yin àwọn ọ̀gá wa ní bárékè. Wọ́n fẹ́ràn obìnrin gan-an ni. Bí wọ́n bá ń ya fọ́tò, èmi Hàlímàt, ọmọ Ìlọrin tí wọ́n bí sí Zongo ní Niamey níbí, iwájú ni wọ́n máa ń tì mí sí. Bí fọ́tò bá ti parí, wọ́n á ní kí n lọ se tíì wá.

Bàtà nìkan ni wọn ò rántí. Méjìdínlógójì ni ẹsẹ̀ mi. Mẹ́tàlélógójì ni bàtà ṣójà tí Ọ̀gá Ousmane, tó ń pín ẹrù fún wa, gbé lé mi lọ́wọ́. Mo ní ó tóbi. Ó ní, "Bàtà ìjọba ni, kì í ṣe ti obìnrin. Tí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, kọ ìwé." Mo kọ ìwé mẹ́ta. Bóyá ewúrẹ́ ló jẹ wọ́n, n ò mọ̀.

Bẹ́ẹ̀, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù ká rin ogún kìlómítà, ìrìn tí wọ́n fi ń yan àwọn tó máa lọ kọ́ṣẹ́ sájẹ́ǹtì. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń retí ẹ̀! Mo ki àkísà bọ bàtà, ẹsẹ̀ mi bó yánnayànna. Ni mo bá gbé e lọ bá Bàbá Sámúẹ́lì, ará Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń rán bàtà ní àdúgbò Banifandou. Baba yìí kì í gba bàtà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó má fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ ẹni tó ni ín àti ìwọ̀n ẹsẹ̀ tó fẹ́ sí ìsàlẹ̀ bàtà. Ó gé e, ó rán an, ó ní, "Ọmọ mi, máa rìn ín lọ."

Mo sì rìn ín o! Nínú ogójì èèyàn, ipò kẹta ni mo ṣe. Inú mi dùn débi pé mo sunkún. Mi ò tíì nu ojú tán tí Ọ̀gá Ousmane fi wo ẹsẹ̀ mi. "O ba ẹrù ìjọba jẹ́!" Ó fa ìlà gba orí orúkọ mi kọjá nínú ìwé àwọn tó yege tó wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ní àfi tí mo bá dá bàtà náà padà sí bó ṣe wà kó tó di ọjọ́ Ajé.

Pẹ̀lú ìbínú ni mo fi padà sí Banifandou.

"Awọ tí mo ti gé?" Bàbá Sámúẹ́lì mi orí. "Aṣọ ò bá Ọmọ́yẹ mọ́, ọmọ mi."

Ibẹ̀ ni mo ti rí bàtà ṣójà tuntun kan lórí tábìlì ẹ̀, tó dojú dé. Mo ka ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀: Ousmane, ogójì.

"Háà! Bàbá, ta ló ni eléyìí?"

"Ọ̀gá yín ni. Ọdọọdún ló ń wá. Ẹsẹ̀ ẹ̀ kéré. Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni."

"Ẹ ò kúkú sọ, Bàbá. Ẹ kàn kọ ọ́ ni."

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, nígbà tí gbogbo wa tò sójú kan, mo kí Ọ̀gá Ousmane bí ológun. Hausa ni mo fi sọ ọ́, kó lè yé tolórí tẹlẹ́mù. "Ọ̀gá, Bàbá Sámúẹ́lì ní kí n kí yín. Ó ní bàtà yín ti ṣe tán, òun ti gé e dé ogójì bí ẹ ṣe wí."

Ọ̀gá Ousmane wo bàtà ẹsẹ̀ ẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín.

Kó tó di ọ̀sán, orúkọ mi ti padà sórí ìwé. Ọ̀gá Ousmane wá bá mi, ó ń wo ilẹ̀. "Ṣé o ò lè wá bá mi sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀ ni?"

"Mo kọ ìwé, ọ̀gá," ni mo wí. "Mẹ́ta."