Ẹ̀rọ Tí Mo Gbé Sínú Àká

Chizuru, ìyàwó ọmọ mi, ló fi òjé jó wáyà ẹ̀rọ náà pọ̀ fúnra rẹ̀. Ọdún kejì lẹ́yìn tí ilé iṣẹ́ iná mànàmáná etí òkun bú gbàmù ni. Àwọn kan ti ya bí wọ́n ṣe ń ṣe é sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, ohun tó sì ná an kò ju owó bàtà òjò lọ. Ìtànṣán olóró tó tú jáde níbẹ̀, tó ń wọ ara ẹni, ló ń kà.

"Ìyá, ẹ so ó mọ́ ìbàdí fún oṣù kan," ó ní. "Ẹ gbé e lọ oko, ẹ gbé e lọ igbó olú yín. Bí iye rẹ̀ bá kéré, a ó mú Honoka padà wálé. Bí kò bá kéré, ẹ má bínú sí mi."

"Ta ló ń bínú? Èmi tí o gbé ọmọ sá lọ mọ́ lọ́wọ́?"

"Ẹ ti tún bẹ̀rẹ̀."

Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Honoka. Yamagata, ìlú tó jìnnà sí oró náà, ni wọ́n háyà ilé sí. Èso kakí tó fẹ́ràn ń jẹrà lórí igi lẹ́yìnkùlé wa.

Lọ́jọ́ kẹta, mo wọ igbó ẹ̀yìnkùlé, ni ẹ̀rọ bá ń ké bí òròmọdìyẹ tó rí àṣá. Mo tú u kúrò ní ìbàdí. Àká wa, amọ̀ ni ògiri rẹ̀, ó nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan. Bí mo ṣe gbé e wọbẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dákẹ́. Mo fi í sínú ìkòkò ìrẹsì òfìfo, mo pa á dé, mo bá tèmi lọ sóko.

Nígbà tí oṣù pé, Chizuru dé, ó so ẹ̀rọ náà mọ́ kọ̀ǹpútà. Honoka wà nínú mọ́tò, wọ́n ti gíláàsì. Ó ju ọwọ́ sí mi.

"Ìyá, ṣé ẹ wẹ̀ lóṣù yìí? Ṣé ẹ lọ oko?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn? Mo lọ."

"Wákàtí wákàtí ló ń kọ ọ́ sílẹ̀. Láti ọjọ́ kẹta, kò kúrò lójú kan. Òkú pàápàá, wọ́n á gbé e kúrò nílé lọ sí ibojì."

Mo ti rò pé bí òṣùwọ̀n ni: iye tó wà lójú rẹ̀ lásìkò náà nìkan ló mọ̀.

"Àká ló gbẹ," mo ní. "Mi ò fẹ́ kí òjò bà á jẹ́."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ọmọ mi lẹ fẹ́ fi dán an wò." Ó fi ẹ̀rọ náà lé mi lọ́wọ́, ó wọ mọ́tò.

Ó di ọdún mẹ́wàá. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ha ojú ilẹ̀ oko wa tí oró wà, wọ́n ti kó o sínú àpò dúdú lọ. Mi ò dé igbó olú mọ́. Ìgbà tí mo bá ń wẹ̀ nìkan ni mo ń tú ẹ̀rọ yẹn, iye rẹ̀ sì ti wálẹ̀ lóòótọ́. Ọdọọdún ni mò ń fi í ránṣẹ́ sí Chizuru kó wò ó.

Lọ́dún tó kọjá, ó dá a padà pẹ̀lú ìwé pélébé kan: "Ẹ ṣé, Ìyá. Ṣé àká ṣì gbẹ?"