Ẹnì Kan Tó Ń Ka Ìwé Bàbá Ògiri

Ẹnì kan péré ló ń ka ohun tí Bàbá Ògiri ń kọ, ó sì tó o. Ẹ má fi í rẹ́rìn-ín. Àwọn kan wà tí gbogbo àdúgbò ń kí láàárọ̀ lálẹ́, tí kò sí ẹni tó ń gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ.

Olùkọ́ ìṣirò ni, ó sì ti lé ní ọmọ ọdún márùndínlọ́gọ́ta. Àwọn ọmọ ilé ìwé ló sọ ọ́ ní Bàbá Ògiri, torí pé láti ọjọ́ tí ilé ìwé ti ra ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri ni kò ti fọwọ́ kan ṣọ́ọ̀kì mọ́. Òun nìkan ló mọ ẹ̀rọ náà lò. Àwọn olùkọ́ ọ̀dọ́, tí fóònù wọn fẹ̀ ju àwo oúnjẹ lọ, kò lè so wáyà méjì pọ̀ kí nǹkan má bàjẹ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wá há wọn lọ́rùn, wọ́n á sáré wá: "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá bá wa wò ó." Tó bá ti tàn, ó parí nìyẹn. Wọ́n á padà sídìí ẹ̀fẹ̀ wọn ní yàrá àwọn olùkọ́, òun náà á padà sí kíláàsì rẹ̀ ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Ìyàwó rẹ̀ kú lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì lókè òkun. Nígbà tó wá sílé kẹ́yìn, ó bá bàbá rẹ̀ níbi tó ti ń ṣàlàyé fún àga òfìfo bí olùkọ́ ṣe lè fi fóònù kan ṣoṣo kọ́ ogójì ọmọ ní ìṣirò. Àánú ṣe é. Ó jókòó tì í, ó sì ṣí búlọ́ọ̀gì kan fún un, ojú ewé tirẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí àwọn olùkọ́ níbi gbogbo á lè máa kà.

"Ẹ wo nọ́ńbà kékeré ìsàlẹ̀ yìí, bàbá mi. Iye èèyàn tó bá wá kà á lóòjọ́ nìyẹn, pẹ̀lú àkókò tí wọ́n wá. Mo ti ṣe é kó má ka fóònù yín mọ́ wọn, kí ẹ má baà máa ka ara yín."

"Ṣé mo jọ ẹni tó máa ń ka ara rẹ̀ ni?"

"Ẹ jọ ọ́ dáadáa," ọmọ rẹ̀ dáhùn, àwọn méjèèjì sì bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ kejì ló wọ ọkọ̀ òfurufú padà.

Bàbá Ògiri kọ̀wé bí ẹni tí wọ́n tú okùn lẹ́nu rẹ̀. Ó kọ ohun tí olùkọ́ lè ṣe bí iná bá lọ láàárín ẹ̀kọ́. Ó kọ ọ́ pé kí olùkọ́ má gbé odindi ìwé sára ògiri kó wá máa kà á bí ẹni ń ka ìkéde òkú. Ó wá búlọ́ọ̀gì àwọn olùkọ́ mìíràn kiri, ó ṣa èyí tó wúlò, ó sì tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ojú ewé rẹ̀ kí ó lè máa rí wọn lò ní kíláàsì. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko, òdo ni nọ́ńbà náà ń fi hàn.

Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn iṣẹ́, ó bá ọ̀kan níbẹ̀. Aago mẹ́wàá ààbọ̀ òwúrọ̀ ni onítọ̀hún wá. Ọjọ́ kejì, ọ̀kan, aago mẹ́wàá ààbọ̀. Ọjọ́ kẹta bákan náà. Lọ́jọ́ Sátidé àti ọjọ́ Ìsinmi, kò wá. Inú Bàbá Ògiri dùn sí èyí gan-an: olùkọ́ gidi ni, ó ń sinmi lópin ọ̀sẹ̀.

Ó sọ ọ́ ní Ẹni Mi. Ó pinnu pé obìnrin ni, pé ilé ìwé rẹ̀ jìnnà, pé òun náà máa ń dá jókòó nígbà tí àwọn ọmọ bá jáde lọ ṣeré. Tẹ́lẹ̀, "èmi" ló máa ń kọ. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ "àwa olùkọ́." Èèyàn kan kì í jẹ́ àwá dé, ṣùgbọ́n wọ́n ti di méjì. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, ẹnu rẹ̀ ò sì lè pa dé.

Oṣù méjì ni ayọ̀ yìí fi wà. Lọ́jọ́ Ajé kan, kọ̀ǹpútà kíláàsì rẹ̀, tó so mọ́ ẹ̀rọ ògiri, kọ̀, kò tàn, wọ́n sì gbé e lọ fún àtúnṣe. Ó padà sídìí ṣọ́ọ̀kì, ó ń wúkọ́. Nígbà tó délé, òdo ló bá lórí fóònù. Ọjọ́ kejì, òdo. Ọjọ́ kẹrin, òdo. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ní kó má dààmú. Ó jókòó, ó kọ èyí tí kì í ṣe ẹ̀kọ́ rárá:

"Ìwọ tí o máa ń wá ní aago mẹ́wàá ààbọ̀, ṣé àlàáfíà ni? Bí mo bá sọ ohun tó dùn ọ́, dárí jì mí. Bí iṣẹ́ ló pọ̀, mo lóye. Mo kàn fẹ́ mọ̀ pé o wà."

Ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, nígbà tí àwọn ọmọ wà níta, ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe gbé kọ̀ǹpútà náà dé. "Bàbá, ẹ tàn án wò."

Ó tàn án. Búlọ́ọ̀gì rẹ̀ ló kọ́kọ́ jáde sára ògiri, gbàgàdà. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí láti ọjọ́ tí òdo ti padà dé ni kò ti gbé e sílẹ̀ mọ́. Lójú rẹ̀ báyìí, òdo yí padà, ó di ọ̀kan.

"Kí ló dé tó fi ń ṣí ibí yìí?"

"Ẹ̀yin lẹ pa á láṣẹ bẹ́ẹ̀, bàbá. Tó bá ti tàn, ibẹ̀ ló kọ́kọ́ ń lọ."

Ó rántí. Ní ọjọ́ Ajé ọ̀sẹ̀ kẹta ló pa á láṣẹ, kí àwọn búlọ́ọ̀gì tó tò sí ẹ̀gbẹ́ lè wà ní àrọ́wọ́tó rẹ̀. Àkókò ìsinmi àwọn ọmọ, aago mẹ́wàá ààbọ̀, ló sì máa ń tan kọ̀ǹpútà lójoojúmọ́. Ọmọ rẹ̀ yọ fóònù kúrò nínú kíkà, kò mọ̀ nípa kọ̀ǹpútà. Ojú ti Bàbá Ògiri níwájú ẹni tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò tó kàn, ó sì kọ́ wọn dáadáa, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ bàjẹ́ bí ọkàn ẹni tó ti ibi ìsìnkú dé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọmọ rẹ̀ pè.

"Bàbá mi, Ẹni yín ti padà?"

"Ó ti padà."

"Ẹ ò rí nǹkan! Mo sọ fún yín pé ẹ má dààmú."

"Èmi ni," ó ní. "Kọ̀ǹpútà kíláàsì mi ni. Láti oṣù méjì yìí, ẹnì kan ni nọ́ńbà ń kà, èmi sì ni ẹni náà."

Kò fi bá a wí. Ìrora tirẹ̀ ló ń sọ. Ṣùgbọ́n ìṣirò kì í ṣojúsàájú: bí ẹnì kan ṣoṣo bá wá, tí ó sì jẹ́ bàbá, a jẹ́ pé ọmọ kò wá rí. Àwọn méjèèjì gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan náà.

"Bàbá mi, mo máa ń sọ pé màá kà á. Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé báyìí..."

"Mo mọ̀. Ó máa ń rẹ̀ ọ́."

Bàbá gbọ́ tí ọmọ náà ń mí. Ó wo fóònù, ọ̀kan ti di méjì. Ó fìdí lé àga, ó rọra jókòó, kí ariwo má baà dí i lọ́wọ́.

Nígbà tí ọmọ náà kà á tán, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Èyí tó wà lókè pátápátá yìí, ta lẹ kọ ọ́ sí?"

"Ẹni tí mo ń retí ni."

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ó ní kí bàbá òun má bínú, bàbá sì ní òun ò bínú, òótọ́ sì ni. Kí wọ́n tó sọ púpọ̀, wọ́n pè é níbi iṣẹ́, ó ní òun gbọ́dọ̀ lọ, pé òun á ka ìyókù.

"Lọ, má jẹ́ kí aláìsàn dúró dè ọ́."

Nígbà tí ohùn rẹ̀ lọ tán, Bàbá Ògiri ṣí ìwé tí ọmọ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kà. Ọ̀kan ló kà nínú gbogbo ohun tí bàbá ti kọ, ó ku mọ́kànlélógójì. Ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, kí ó lè mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ rí.