Evija Ní Òun Kò Fẹ́

Ó ti rẹ Arlys kí ọmọ náà tó dé rárá. Nígbà tí obìnrin tó ń ṣètò àwọn ọmọ náà pè é lórí fóònù ní ìparí oṣù karùn-ún, èsì ti wà lẹ́nu rẹ̀: ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Ọdọọdún ló ń gba ọmọ aláìlóbìí kan láti orílẹ̀-èdè Látífíà ní Yúróòpù sílé nígbà ooru. Á bọ́ ọ, á wá aṣọ fún un, á máa mú un kiri ṣọ́ọ̀ṣì títí ọkàn ẹnì kan nínú ìlú á fi fà sí i. Kò sí èyí tí kò rílé nínú àwọn tó ti gbà rí. Àwọn kan nínú wọn ṣì ń gbé nítòsí, wọ́n á juwọ́ sí i láti inú ọkọ̀, wọ́n á sì kọjá lọ. Kò bínú sí wọn. Afárá ni òun jẹ́ fún wọn, ta ló sì ń gbé afárá lọ sílé?

Ṣùgbọ́n obìnrin orí fóònù yẹn gbọ́n. Kò bẹ̀ ẹ́. Ó kàn ní ọmọbìnrin kan wà, Evija lorúkọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, àwọn tó fẹ́ gbà á lálejò ti yẹ àdéhùn. Tí òtútù bá fi dé, yóò pé mẹ́rìndínlógún, òfin Amẹ́ríkà kò sì ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbà á ṣọmọ mọ́. Ẹ̀ẹ̀kẹta rẹ̀ rèé tó ń bọ̀, kò sì tíì rí ẹni mú un. Arlys gbé fóònù sétí, ó ń wo àwo tó dọ̀tí nínú síǹkì. Ó ní kí wọ́n mú un wá.

Merle ọkọ rẹ̀ kò bá a jà. Ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sìn, ariwo tiwọn ti tó o jẹ láyé. Ohun tó sọ kò ju pé, "Mama, ìwọ lo ní ó ti parí." Arlys ní ìkẹyìn nìyí. Ọkọ ní ó dáa, ó gbé fìlà, ó jáde.

Òfin kan wà tí gbogbo agbàlejò ń fọwọ́ sí: ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dárúkọ ọ̀rọ̀ ìgbàṣọmọ létí ọmọ. Ìsinmi ló wá lò, kí ẹnu yín má ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin tó dára ni, àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé kò sí ọmọ tó ń tàn jẹ. Evija, tó ga, tó tín-ín-rín, tó sì ti gbọ́ èdè wọn dénú, mọ ìdí tí gbogbo ìdílé fi ń wá kí i lẹ́yìn ìsìn. Á dúró gangan, á bọ̀ wọ́n lọ́wọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nílé, kò dúró kí wọ́n rán an níṣẹ́. Ó ń fọ àwo tí kò dọ̀tí. Ó ń bá Arlys bó àgbàdo tútù, ó ń rẹ́ ẹ kúrò lára ṣúkù, ó ń dì í sínú ọ̀rá fún ẹ̀rọ amú-nǹkan-dì, apẹ̀rẹ̀ lórí apẹ̀rẹ̀, kò sì ké pé ọwọ́ ń ta òun. Nígbà míì Arlys á fẹ́ sọ fún un pé kó lọ ṣeré. Ó rẹ̀ ẹ́ láti máa wo ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń dán wò.

Ti oúnjẹ ló tún le jù. Tí Arlys bá bù ú lọ̀ ọ́, á ní rárá, ẹ ṣé. Tó bá tún nà án sí i, á ní òun ti yó. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni yóò tó na àwo. Nílùú Arlys náà, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo èèyàn ń ṣe. Ẹni tó bá gba kọfí lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n pè é, wọ́n á wò ó bí ẹni tí kò jẹun láti àárọ̀. Arlys alára kò gba ohunkóhun rí láìkọ́kọ́ kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò sì rí i pé ó yẹ kí ó ya òun lẹ́nu pé ọmọ Látífíà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ó kàn ń sọ nínú ara rẹ̀ pé wọ́n kọ́ ọmọ náà níwà, á sì tún gbé abọ́ náà sókè lẹ́ẹ̀kẹta, apá ń ro ó.

Ẹni tí ọkàn rẹ̀ fà sí Evija lọ́dún yẹn ni Joleen Wubben, òun àti Kurt ọkọ rẹ̀. Wọn ò bímọ, wọ́n ti ṣègbéyàwó tipẹ́. Joleen mú ọmọ náà lọ lúwẹ̀ẹ́, ó mú un lọ lá áísìkiriìmù, ó ń di irun rẹ̀ lórí àga ìta ṣọ́ọ̀ṣì níṣojú gbogbo ayé. Nígbà tí ìrìn àjò Evija kù díẹ̀, Kurt wá bá Arlys. Ó ní nílé ẹjọ́ Látífíà, ọmọ tó ti dàgbà tó yìí, ẹnu ara rẹ̀ ni wọ́n máa gbọ́, kí ni wọ́n wá ń fi pamọ́ fún un? Àwọn fẹ́ bi í kó tó lọ. Arlys mọ̀ pé òfin kò gbà á. Ó sì rẹ̀ ẹ́ kọjá kó máa fi òfin jiyàn. Ó ní kí wọ́n wá lọ́jọ́ Ìsinmi, lẹ́yìn oorun ọ̀sán, kí wọ́n wá mu kọfí.

Wọ́n wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wá. Arlys fi kọfí lọ̀ wọ́n, wọ́n ní kó má ṣèyọnu. Ó tún fi lọ̀ wọ́n, Kurt ní àwọn kò ní pẹ́. Ó fi lọ̀ wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta, Joleen ní ó dáa, tó bá ti wà níná tẹ́lẹ̀. Ó ti wà níná tẹ́lẹ̀, bó ṣe máa ń wà. Wọ́n sọ̀rọ̀ òjò, wọ́n sọ̀rọ̀ ìwàásù. Merle ń wo ife rẹ̀. Níkẹyìn Joleen gbé ọwọ́ lé tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ Evija.

"Evija, èmi àti Kurt ti rò ó dáadáa. Ṣé wàá fẹ́ máa gbé lọ́dọ̀ wa? Kí o di ọmọ wa?"

Evija gbé ojú sókè. Gbogbo ojú rẹ̀ tàn. Lẹ́yìn náà ó rọra tẹrí ba.

"Rárá," ó ní. "Ẹ ṣé."

Joleen fa ọwọ́ rẹ̀ padà sórí itan. Kurt ní àgbàdo ọdún yìí mà dára o. Merle ní bẹ́ẹ̀ ni, ó dára. Wọ́n mu kọfí wọn tán nítorí pé a kì í fi kọfí sílẹ̀ nílé onílé, wọ́n dìde, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà sọ̀rọ̀ díẹ̀ bó ṣe yẹ, wọ́n sì lọ. Arlys náà gbà pé ọmọ náà kò fẹ́ ni. Ká má purọ́, bí ó ṣe dùn ún tó, apá kan nínú rẹ̀ ti ń rò ó pé iṣẹ́ ti tán nìyẹn, òun lè lọ sùn.

Evija kó àwọn ife lọ sí síǹkì. Ó ń fọ̀ wọ́n, ó ń kọrin lábẹ́lẹ̀, ohun tí Arlys kò gbọ́ kó ṣe rí.

"Ọjọ́ wo ni wọ́n ń padà bọ̀?" ọmọ náà bi í.

"Àwọn wo?"

"Joleen. Láti wá bi mí lẹ́ẹ̀kejì."

Arlys di etí àga mú. Ó jókòó. Ó ní kí Evija pa omi ẹ̀rọ, kó wá sọ ohun tó ń sọ yékéyéké. Ọmọ náà nu ọwọ́, ó sì ṣàlàyé fún un bí ẹni ń ṣàlàyé fún ọmọdé. Nígbà àkọ́kọ́ tó wá sí Amẹ́ríkà, ó ní, wọ́n gbé kéèkì wá, wọ́n bi í bóyá ó fẹ́, ó ní òun fẹ́. Wọ́n tún bi í, ó tún mú. Ìyá àgbà ilé yẹn wò ó, ó sì sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ọwọ́ ọmọ yìí mà yá sí oúnjẹ o. Òun kò gbọ́ èdè tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ó gbọ́ ìyẹn. Wọn kò pè é mọ́ láti ìgbà náà. Ó ti wá mọ̀ wàyí. Nǹkan kékeré, èèyàn á kọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Nǹkan ńlá ńkọ́? Ó ní òun kò fẹ́ kí Joleen rò pé ọwọ́ òun yá.

Arlys wá kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó bọ́ sọ́nà.

Ilé àwọn Wubben kò jìnnà. Joleen ti sunkún, ojú rẹ̀ wú. Arlys kò jókòó, ó ro ọ̀ràn náà fún wọn lórí ìdúró: ọmọ náà fẹ́ wọn, ìwà ọmọlúàbí ló ń hù, ẹ dìde ká lọ, ẹ tún bi í. Joleen wo ọkọ rẹ̀. Kurt ti bọ́ táì rẹ̀, ó sì dà bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní àwọn ti gbàdúrà. Àwọn ti sọ fún Ọlọ́run pé ẹ̀ẹ̀kan làwọn máa bi í, ohun tó bá sì ti ẹnu ọmọ náà jáde làwọn máa gbà pé Ó sọ. Ó ti sọ ọ́.

"Ẹ̀yin tí ẹ kọ kọfí mi lẹ́ẹ̀mejì láìpẹ́ yìí," ni Arlys wí.

"Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kọfí, Arlys."

"Ṣé ẹ̀yin nìkan ló mọ bí wọ́n ṣe ń kọ nǹkan lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbà á ni?"

Kurt ní àwọn á máa rántí ọmọ náà nínú àdúrà. Joleen tún ń sunkún, ṣùgbọ́n kò dìde. Ó ní agbára tí òun fi bi í lẹ́ẹ̀kan yẹn, òun kò ní òmíràn. Arlys wò ó, inú bí i, ó sì rí i pé òtítọ́ ni obìnrin náà ń sọ. Ó jáde. Nínú ọkọ̀, ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kó tó lè wa ọkọ̀ lọ.

Evija jókòó lórí àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé nígbà tó dé. Oòrùn ṣì mú. Arlys rọra jókòó tì í, orúnkún rẹ̀ ń dún, ó sì sọ fún un pé wọn kò ní padà wá mọ́. Kò fi àdúrà kankan bò ó. Evija kò béèrè ìdí. Ó ń wo oko àgbàdo tó lọ títí kan ojú ọ̀run.

"Ó yẹ kí n ti gbà," ó ní.

"Ẹ̀bi rẹ kọ́."

Ọmọ náà kò dá a lóhùn. Kò sunkún. Ká ní ó sunkún ni, ìbá sàn, nítorí Arlys mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí ẹkún ọmọ. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló ju agbára rẹ̀ lọ, ló bá la ẹnu.

"Àbí kí o kúkú máa gbé lọ́dọ̀ àwa?"

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ ṣe ń sọ fún ẹni tó ń kọjá pé "o bá mi ire" ni Arlys ṣe sọ ọ́, tó sì mọ̀ pé onítọ̀hún á ní "á gba ibi ire," á sì bá tirẹ̀ lọ. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ni. Kò tíì bá ọkọ rẹ̀ sọ ọ́. Rárá méjì ló fojú sọ́nà fún, láàárín méjèèjì yóò ráyè rò ó, bóyá kò tilẹ̀ ní dé ẹ̀ẹ̀kẹta.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Evija wí.

Arlys kò tíì pa ẹnu rẹ̀ dé tí ọmọ náà fi dáhùn. Ó di etí àtẹ̀gùn mú, oríkèé ìka rẹ̀ funfun, kò wo ojú Arlys.

"Ẹ ti bi mí," ó ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Mo sì ti gbà."

Arlys fẹ́ sọ pé kó jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bá Merle sọ̀rọ̀ ná. Ọ̀rọ̀ gidi ni, kò sì sẹ́ni tó máa bá a wí. Ó ti ń mí kanlẹ̀ láti sọ ọ́ nígbà tí Merle yọ láti ọ̀nà ilé ẹlẹ́dẹ̀, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, nítorí ẹlẹ́dẹ̀ kò mọ ọjọ́ Ìsinmi.

"Merle," ó ní, "mo ti bi ọmọ yìí. Ó ti gbà."

Merle dúró. Ó wo Evija, ó wo bó ṣe di àtẹ̀gùn mú. Ó wá wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́.

"Ó rẹ̀ ọ́, Mama."

"Ó rẹ̀ mí."

Merle bọ́ fìlà rẹ̀, ó wá ibi tí yóò jókòó sí lórí àtẹ̀gùn náà, kò sí. Evija sún fún un.